Etí Tí Mo Rà fún Ẹgbẹ́ Akọrin Iye Mi

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò nílé, mo sì ti múra sílẹ̀ dè é. Ìdákẹ́jẹ́ ni ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń retí kí ayé bẹ̀rẹ̀. Àkùkọ ò kọ. Ẹnikẹ́ni ò gbálẹ̀. Kò sí aládùúgbò tó ń pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀ pé kó dìde. Mo ṣí fèrèsé, mo rí i pé yìnyín ti bo gbogbo àdúgbò, ó funfun báláú, àwọn ènìyàn sì ń rìn kọjá lórí rẹ̀, n ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Mo lanu sílẹ̀, mo ń wò. Ó rẹwà débi pé mo gbàgbé pé òtútù ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè mọ̀ bóyá etí mi ló di.

Ìlútítun ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Iye là ń pe ìyá, Iye náà ni mo sì ń pe tèmi títí dòní olónìí. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ nílé Iye. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, àwọn tó ń fi ẹ̀gẹ́ náà yan púpurú lórí iná ń bá àwọn tó ń fún epo pupa sọ̀rọ̀ láti ìta kan sí ìkejì, ewúrẹ́ náà ò sì ní gbà kí ọ̀rọ̀ kọjá kó má dá sí i.

Iye ló ń dá orin ní ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Òun á dá a, àwa á gbè é. Nínú ìjọ wa, bàtà kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ ọ. Gbogbo wa á wà nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì, bí Iye bá sì ti gbóhùn sókè, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Agogo wà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà, dùùrù wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni ìlù wa. N ò ronú nípa rẹ̀ rí nígbà tí mo wà nílé. Ta ló ń ronú nípa ilẹ̀ tó ń tẹ̀?

Iṣẹ́ tí mo rí níbí ni ti ilé ìfọṣọ ńlá kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, mo rí aṣọ funfun lọ súà. Wọ́n to òmíràn jọ kan àjà, òmíràn so rọ̀ lórí irin, ó ń mì lọ́tùn-ún lósì bí ìjọ tó ń jó. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti bọ́ bàtà mi méjèèjì. Ọ̀gá wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi.

“Ṣé bàtà yẹn ń fún ọ lẹ́sẹ̀ ni?”

“Rárá, mà.”

“Jọ̀wọ́, wọ̀ ọ́. Omi gbígbóná máa ń wà nílẹ̀ níbí.”

Mo wọ̀ ọ́. Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ká aṣọ funfun, mo ń kọrin nínú ọkàn, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi lóòjọ́ kò ju “ẹ káàárọ̀” àti “ẹ ṣeun” lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ohùn mi á ti máa ha bí ilẹ̀kùn tí a kì í ṣí. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé, ọjọ́ náà ni mo sì máa ń mọ̀ pé mo ṣì lẹ́nu. Iye á kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun. Á bi mí irú oúnjẹ tí mo jẹ. Bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀ tán, á mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ń bá ikùn mi kẹ́dùn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, kì í ṣe Iye ló gbé fóònù. Ayọ̀ ni, olùkọ́ ọ̀dọ́ tó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin wa.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná.”

“Mo ti jókòó. Kí ló ṣe Iye?”

“Gẹ̀gẹ̀ ọrùn wọn yẹn ni. Dókítà ní ó ti ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun, àfi kí wọ́n gé e kúrò. Wọ́n ní kí a má bẹ̀rù nípa ẹ̀mí wọn. Ohùn wọn ni wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ó lè padà bó ṣe wà, ó sì lè má padà.”

Mo gbọ́ Iye lẹ́yìn rẹ̀. “Gbé fóònù yẹn wá. Ọma mi, má sunkún o. Ọ̀fun ni wọ́n fẹ́ là, wọn ò sọ pé orí.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà ju gbogbo ẹ̀rù ìlú àjèjì lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú orin ìjọ wa, inú Iye ló ti jáde, kò sì sí èyí tí a gbà sílẹ̀ rí. Èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn jù, ojú omi ló ti bá a. Oyún mi ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó ń gbé púpurú lọ tà fún àwọn ẹ̀yà Ìjọ́ tí ń gbé létí omi, ìjì sì dé bá ọkọ̀ wọn lójijì. Ó ní orin náà kàn bọ́ sí òun lẹ́nu ni, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sì gbè é títí wọ́n fi gúnlẹ̀:

Ọkọ̀ mi ò ní dojú dé o,
Olúwa ló di àjẹ̀ mú.

Ayọ̀ gba fóònù padà. “Àǹtí, a fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ilé ìwòsàn. A bẹ̀ wọ́n pé ká gbé wọn lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Òkìtìpupa, wọ́n ní àwọn ò ní wọnú àpótí lọ kọrin Ọlọ́run. Ilé wọn ni wọ́n ti fẹ́ ẹ. Ẹ bá wa wo irú ẹ̀rọ tí a lè fi ṣe é fúnra wa.”

Bí wọ́n ṣe fi mí ṣe olùyàn nìyẹn, èmi tí n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wáyà kan àti òmíràn.

Ọjọ́ ìsinmi mi ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gìtá kún ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, dùùrù tò lọ bẹẹrẹbẹ, ẹnikẹ́ni ló sì lè fọwọ́ kàn án, kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Mo rìn wọ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan bi mí ohun tí mo fẹ́. Mo ní ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ akọrin lè fi gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé.

Ó gbé mẹ́ta síwájú mi. Àkọ́kọ́ ni makirofóònù tí à ń fọwọ́ mú, irú èyí tí oníwàásù máa ń mú lọ mú bọ̀. Ó ní bó bá tiẹ̀ jábọ́ kò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ẹnu sún mọ́ ọn nìkan ló ń gbọ́. Èkejì kéré, ó ní etí méjì lórí, bátìrì ló ń lò, kò sì bá kọ̀ǹpútà da nǹkan kan pọ̀. Rédíò tí bàbá mi máa ń gbé lọ sóko ni mo rí nínú rẹ̀, mo bá gbójú kúrò. Ẹ̀kẹta ló gbé jáde látinú àpótí tí wọ́n fi àrán tẹ́. Ó tóbi, ó ń dán, ó ní àpótí wáyà tirẹ̀ tí wọ́n á fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì mú mi wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn. Mo ti rò pé mo mọ ìdákẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. N kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò mí létí méjèèjì, ó ní kí n sọ ohunkóhun tó bá wù mí. Mo ní, “Iye.”

Ọlọ́run mi! Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá pè é sí mi létí. Mo gbọ́ itọ́ tí mo gbé mì. Mo gbọ́ èémí mi bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Èmi tí mo ti ń rìn láàárín ìgboro bí òjìji láti ìgbà tí mo ti dé, ohun kan wà láyé tó ń gbọ́ mi títí dé èémí. Omi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọlúàbí ni.

Nígbà tó yíjú padà, ó fi bọ́tìnnì kékeré kan hàn mí lọ́rùn ẹ̀rọ náà. Ó ní bí mo bá yí i síhìn-ín, iwájú nìkan ni yóò máa gbọ́. Bí mo bá yí i sí àmì òbìrìkítí, yóò máa gbọ́ yíká. Mo ń mi orí, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

“Yàrá tí wọ́n fẹ́ lò ńkọ́? Ṣé ó dákẹ́?”

“Ó dákẹ́ dáadáa,” ni mo wí.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́. Ilé tí mo ń gbé kiri nínú orí mi nígbà náà kò ní ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ nínú mọ́. Ẹni tó bá jìnnà sílé máa ń gbá ilé náà mọ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku ohun tó dùn ún jù lọ nìkan. Ohùn Iye nìkan ló kù nínú tèmi.

Ẹ̀kẹta yẹn ni mo rà. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ìrẹ̀lẹ̀ ń lọ sílé, ó bá mi gbé e. Wọ́n ṣí àpótí náà níṣojú mi lórí fóònù, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin dúró ní pálọ̀ Iye. Nígbà tí Ayọ̀ yọ makirofóònù náà jáde, gbogbo wọn na ọrùn wò ó. Iye sún mọ́ ọn, ó wò ó yípo.

“Ṣé etí náà rèé?”

“Òun ni, Iye.”

“Etí ńlá.” Ó tẹríba díẹ̀, ó kí i. “Ẹ kú àbọ̀ o. Ulé tiwa rèé.”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Iye kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi náà wá di ọ̀gá. Mo ti wo fídíò lóríṣiríṣi, mo ti mọ bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Mo ní kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n fi aṣọ ìbora bo ògiri, kí wọ́n tẹ́ ẹní bo gbogbo sìmẹ́ńtì kí ìró má baà máa ta padà. Mo ní kí wọ́n má kọrin pa pọ̀. Iye ni kó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀, kí àwọn elégbè fi í sétí, kí wọ́n sì kọ tiwọn lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; Ayọ̀ á wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, “A ti gbọ́, Àǹtí.” Ta ló fẹ́ bá ẹni tó wà lókè òkun jiyàn?

Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi mọ́ gaara. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú orin náà, mo gbọ́ ibi tí Iye ti mí. Ṣùgbọ́n n kò mọ obìnrin tó ń kọrin yẹn. Ó ń kọ ọ́ bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka àkọ́sórí níwájú tíṣà. Àwọn elégbè tẹ̀lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin.

Mo pe Iye, mo bi í bí ó ṣe rí lára rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yin ẹ̀rọ náà. Mo tún bi í.

“Ọma mi, mo ń dá orin, kò sẹ́ni tó ń gbè é. Mo dá a lẹ́ẹ̀kan, mo dúró, ilé pa lọ́lọ́. Mo tún dá a. Mo wá ń bi ara mi pé ṣé mo ti kú ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ kejì, nínú bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo tún fi orin náà sétí, bóyá mo lè rí ibì kan tó dára níbẹ̀. Orin parí, n ò pa á. Ayọ̀ náà ti gbàgbé láti pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́. Fèrèsé ṣí. Ẹnì kan ń ká ẹní, ẹnì kan ń béèrè omi. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ń dún lọ́nà jíjìn. Obìnrin kan wá ní, “Ìyá Akọrin, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tú ká báyìí. Ẹ fún wa ní ẹyọ kan ká fi lọ.”

Iye sì dá a. Ó jìnnà sí makirofóònù, bóyá ẹnu ọ̀nà ló wà, ṣùgbọ́n ó dá a bó ṣe máa ń dá a, gbogbo wọn gbè é lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ lásán sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu sìmẹ́ńtì. Gbì, gbì, gbì. Orí mi wú. Mo wo òde bọ́ọ̀sì, yìnyín ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, ilẹ̀ ilé wa ń dún nínú etí mi. N ò mọ̀ pé mo ti ń sunkún títí ìyá àgbà òyìnbó kan tó jókòó tì mí fi fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kan, mo fún un. Ó fi sétí. Ó ń gbọ́.

“Níbo nìyí?”

“Ilé ìyá mi.”

Ó mi orí. Bọ́ọ̀sì dúró níbi tí ó máa ń bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kò dìde. Ibùdókọ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló tó dá a padà fún mi, ó dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn padà sẹ́yìn nínú yìnyín.

Mo pe Ayọ̀ kí n tó dé ibi iṣẹ́. “Ẹ ká ẹní kúrò nílẹ̀. Ẹ kó gbogbo aṣọ ara ògiri. Ẹ ṣí fèrèsé.”

“Gbogbo rẹ̀, Àǹtí?”

“Gbogbo rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lọ́rùn ẹ̀rọ yẹn, yí i sí àmì òbìrìkítí. Gbé e sáàárín pálọ̀, kí gbogbo yín dúró yí i ká, kí Iye sún mọ́ ọn jù. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù, kó sún sẹ́yìn. Kí alágogo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.”

“Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kó máa dún. Ṣé ẹnikẹ́ni ti lé e jáde nígbà kan rí ni?”

Iye gbọ́ mi láti ibi tó wà. “Ẹ gbọ́ o! Orí ọma mi ti padà wá ulé.”

Wọ́n kọrin láti ọ̀sán títí oòrùn fi rọ̀. Ayọ̀ sọ fún mi pé bàbá tó ni ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ pa á fúnra rẹ̀ nígbà tó yá, ó wá dúró sí fèrèsé, ó ń gbè é pẹ̀lú wọn láti ìta. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n bẹ Iye kó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Bí mo bá dé, màá gbọ́ ọ.” Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ìta rí láyé rẹ̀, kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn.

Èmi gbọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá mi, mo sì mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí. Mo mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó bàbá mi, mo mọ ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri. Àyè kan ṣófo ní apá òsì Iye, níbi tí mo máa ń dúró sí. Kò sẹ́ni tó gbà á. Ó yà mí lẹ́nu gidigidi. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ti ń rò pé ilé ni mo fi sílẹ̀ sẹ́yìn, tí mo sì ń wá ibi tí wọ́n á ti gbà mí. N ò mọ̀ pé àyè mi ń dún. Bí ẹnì kan bá bi mí lónìí pé ará ibo ni mí, mo lè fi orin náà sí i létí.

Wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ náà. Iye là á já, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ohùn rẹ̀ ni kò bá a jáde. Fún ìgbà pípẹ́, Ayọ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Iye á kàn máa fi èékánná kan ara fóònù kí n lè mọ̀ pé ó ń gbọ́. Nígbà tí ohùn wá díẹ̀, ó kéré, ó ń ha, kò lè dé òpin pálọ̀. Dókítà ní ibi tó máa mọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tí Iye kọ́kọ́ padà sí ìjọ, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ayọ̀ pè mí, ó gbé fóònù sórí dùùrù rẹ̀ kí n lè gbọ́. Mo dúró láàárín aṣọ funfun. Mo gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe dìde nígbà tí Iye wọlé. Lẹ́yìn náà Ayọ̀ tan ohun tí a gbà sílẹ̀, ohùn Iye sì jáde látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kún ilé Olúwa dé òrùlé.

Ọkọ̀ mi ò ní dojú dé o.

Ayọ̀ dá a dúró níbẹ̀ kí ìjọ lè gbè é. Kò sẹ́ni tó lè gbè é. Mo mọ̀ pé Iye ni gbogbo wọn ń wò. Ohùn kékeré kan wá gba abẹ́ gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yẹn jáde, ohùn tó ń ha:

Olúwa ló di àjẹ̀ mú.

Iye mi ni. Obìnrin tó ti ń dá orin láti ìgbà ọmọge rẹ̀, òun ló di elégbè yẹn. Ìjọ bú jáde. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀, mo sì bọ́ bàtà mi, mo gbè é sókè láàárín ilé ìfọṣọ. Ọ̀gá wa yọjú, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo ilẹ̀ bóyá omi gbígbóná wà níbẹ̀. Ó rọra padà sẹ́yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Iye gbé fóònù sétí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

“Ọma mi,” ó ní, “ta ni obìnrin tó dá orin yẹn? Ó mọ orin dá o.”

“Iye mi ni,” mo ní. “Ìlútítun ló ń gbé.”